Ráútà Ẹlẹ́ríálì Mẹ́fà Kọ́ Ló Ń Mú Géèmù Yá: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Wi-Fi Ilé Yín

Lọ́jọ́ Sátidé kan báyìí, àbúrò mi kan tó ń gbé ní Ìjọkà níbí ní Àkúrẹ́ pè mí, ohùn ẹ̀ ti yí padà. Ó ti fi bí oṣù mẹ́rin tọ́jú owó, ó wá lọ ra ráútà tuntun, èyí tó ní ẹ́ríálì mẹ́fà tó nà sókè bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, torí ẹni tó tà á fún un ní "ráútà géèmù" ni. Ó gbé e délé, ó tan PlayStation, ó kó sínú géèmù bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù ti wọ àwọ̀n kí gólì tiẹ̀ tó fò. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti lù mí ní jìbìtì o." Mo ní kó fara balẹ̀, mo ń bọ̀.

Nígbà tí mo débẹ̀, inú kọ́bọ́ọ̀dù TV ló gbé ráútà náà sí, nísàlẹ̀ pátápátá, ó ti ilẹ̀kùn gíláàsì mọ́ ọn, dekódà wà lápá ọ̀tún ẹ̀, sípíkà ńlá wà lápá òsì. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ráútà yẹn ò burú, kò sì sẹ́ni tó lù ú ní jìbìtì, kò kàn sí ẹni tó ṣàlàyé nǹkan tó ń rà fún un ni. Mo sì ti rí irú ẹ̀ ní Aùlé, mo ti rí i ní Ọ̀bá-Ilé, àwọn èèyàn ń náwó gidi sórí nǹkan tí ò ní tán ìṣòro wọn, ó ń dùn mí, ìyẹn ni mo fi jókòó kọ èyí.

Ṣé ráútà náà ni íntánẹ́ẹ̀tì?

Rárá o. Ibí ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ti ìta wọlé, ó lè gba orí síìmù wá látọ̀dọ̀ máàsì, ó lè gba inú wáyà fáíbà, ó sì lè ti ojú sánmà wá láti sátẹ́láìtì. Ráútà ni àpótí tó ń gbà á lẹ́nu ọ̀nà, tó wá ń pín in fún fóònù, TV, láptọ́ọ̀pù àti géèmù. Wi-Fi ni ọ̀nà tí ráútà ń gbà pín in láìlo wáyà. Nítorí náà, ààmì Wi-Fi lè kún fọ́fọ́ lójú fóònù yín kí íntánẹ́ẹ̀tì má sí rárá, torí bí fóònù ṣe ń gbọ́ ráútà dáadáa sí ni ààmì yẹn ń sọ, kò mọ nǹkan kan nípa ohun tó wà lẹ́yìn ráútà.

Ẹ wò ó bí omi ilé. Tí kànga bá ń sun díẹ̀díẹ̀, páìpù tó tóbi bí ìtì ọ̀pẹ ò ní mú kí omi ya. Àmọ́ tí kànga bá kún tí páìpù wá tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí tó ti dí, nígbà yẹn ni pípààrọ̀ páìpù ń wúlò. Kí ẹ tó ra ráútà, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá kànga ni tàbí páìpù.

MiFi tí ẹ ń jù sápò náà, ráútà ni, kékeré ẹ̀ ni. Ó dáa fún ẹni tó ń rìn kiri. Ẹ má fi ṣe ráútà ilé oníyàrá mẹ́ta, ó máa ń tètè rẹ̀ ẹ́.

Mbps àti ping, èwo ni géèmù ń fẹ́, èwo ni fídíò ń fẹ́?

Ká ní ẹ fẹ́ kó nǹkan láti Ọjà Ọba lọ sí ẹnu géètì FUTA. Ọkọ̀ akẹ́rù lè kó igba àpò ìrẹsì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ó máa rọra ni. Ọ̀kadà ò lè kó ju lẹ́tà àti àpò kan lọ, àmọ́ kí ẹ tó ṣẹ́jú ó ti lọ ó ti bọ̀. Mbps ni iye ẹrù tí ọ̀nà lè gbà láàárín sẹ́kọ́ǹdì kan. Ping ni àsìkò tí ọ̀kadà fi lọ tó fi bọ̀, mílísẹ́kọ́ǹdì ni wọ́n fi ń kà á, 1,000 ẹ̀ ló wà nínú sẹ́kọ́ǹdì kan.

Fídíò, ẹrù ló ń fẹ́. Netflix fúnra wọn sọ pé 3 Mbps tó fún fídíò 720p, 5 Mbps tó fún 1080p tí àwòrán ẹ̀ mọ́ jù ú lọ, 15 Mbps sì tó fún 4K tó mọ́ ju méjèèjì lọ. Ìyẹn ni pé tí èèyàn mẹ́ta bá ń wo fíìmù 1080p lẹ́ẹ̀kan náà nínú ilé yín, 15 Mbps tó dúró ṣinṣin ti tó wọn, kò dìgbà tí ẹ bá ní 200. Fídíò ò sì fi bẹ́ẹ̀ bìkítà tí ọ̀nà bá falẹ̀ díẹ̀, torí ó máa ń kó apá tó ń bọ̀ sílẹ̀ ṣáájú, bí ẹni tó ti pọn omi sínú dúrọ́ọ̀mù kí wọ́n tó ti ẹ̀rọ.

Géèmù ò ní dúrọ́ọ̀mù. Ibi tí ẹni kejì máa gbá bọ́ọ̀lù sí, òun alára ò tíì mọ̀, kí ni ráútà fẹ́ kó sílẹ̀? Ẹrù tí géèmù ń gbé nígbà tí ẹ ń ta á lọ́wọ́ kéré gan-an, púpọ̀ nínú wọn ò tó 1 Mbps. Àmọ́ ẹrù kékeré yẹn gbọ́dọ̀ lọ kó sì bọ̀ kíákíá, láìdáwọ́ dúró. Tí ping bá wà lábẹ́ 50, ẹ ò ní mọ nǹkan kan lára. Tó bá tó 100, ojú àti ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Tó bá ti kọjá 150, ẹni tó ń ta géèmù ìbọn á ti kú kó tó rí ẹni tó pa á. Èyí tó tún burú jù ni ping tó ń fò sókè fò sílẹ̀, 60, 210, 75, 180, ọwọ́ ò lè mọ́ irú ẹ̀ láéláé, 90 tó dúró sójú kan dáa jù ú lọ lọ́nà jíjìn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún b kékeré àti B ńlá. Mbps tí wọ́n ń kọ sára páálí, b kékeré ni, mẹ́jọ ẹ̀ ló ń di B ńlá kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń wọn fáìlì. Íntánẹ́ẹ̀tì 40 Mbps ń wa 5 MB wọlé ní sẹ́kọ́ǹdì kan, nítorí náà géèmù tó jẹ́ 50 GB máa gbà á tó wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 46 tó bá ń sáré geere láìdúró. Ráútà yín ò ṣẹ̀, ìṣirò ni.

Ẹ̀yin tó ń lo síìmù, ẹ fetí sí dátà pẹ̀lú. Fídíò HD lè jẹ tó 3 GB ní wákàtí kan lórí Netflix, 4K lè jẹ 7 GB. Ẹni tó ra 60 GB tí TV ẹ̀ wá ń mú 4K fúnra ẹ̀, kò ní í wo wákàtí mẹ́sàn-án tán tí dátà á fi tán. Ẹ lọ sínú sẹ́tíǹsì àpù náà, ẹ dín in kù, lórí TV tí ò tóbi púpọ̀ ojú yín ò ní mọ ìyàtọ̀ ẹ̀.

Ibo ni sáfà wà?

Kò sí ráútà tó lè sún Lọ́ńdọ̀nù mọ́ Àkúrẹ́. Púpọ̀ nínú géèmù tí àwọn ọmọ wa ń ta, sáfà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí géèmù ń bá sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wà ní Yúróòpù tàbí Gúúsù Áfíríkà. Ìmọ́lẹ̀ tó ń sáré nínú fáíbà ń rin nǹkan bíi 200,000 kìlómítà ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù tó nǹkan bíi 5,000 kìlómítà, àlọ àtàbọ̀ jẹ́ 10,000, ìyẹn nìkan ti jẹ 50 mílísẹ́kọ́ǹdì, a ò tíì ka bí wáyà ṣe yí ká nínú òkun, a ò tíì ka Àkúrẹ́ sí Èkó, a ò tíì ka máàsì. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ráútà òun á fún yín ní ping 20 sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ káwọ́ kúrò lápò.

Nǹkan tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ wọ sẹ́tíǹsì géèmù, ibi tó ti ń béèrè agbègbè sáfà, ẹ dán wọn wò níkọ̀ọ̀kan, ẹ mú èyí tí ping ẹ̀ kéré jù, ọ̀fẹ́ ni.

Nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan lóṣù Kẹta ọdún 2024, tí íntánẹ́ẹ̀tì falẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, mo mọ ẹnì kan tó lọ pààrọ̀ ráútà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Tí ilé gbogbo ládùúgbò bá ń sunkún lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi ráútà yín sílẹ̀, inú ilé yín kọ́ ni nǹkan ti bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ sátẹ́láìtì náà, gíga ló wà níbẹ̀. Sátẹ́láìtì àtijọ́ máa ń jókòó sókè tó nǹkan bíi 36,000 kìlómítà, ọ̀rọ̀ máa gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, èsì náà á tún gòkè á tún sọ̀ kalẹ̀, ó ti sún mọ́ ìdajì sẹ́kọ́ǹdì. Ẹ lè fi wo fíìmù, ẹ ò lè fi ta géèmù. Ti Starlink, tó wọ Nàìjíríà ní 2023, kò ga ju nǹkan bíi 550 kìlómítà lọ, ìdí nìyẹn tí géèmù fi ṣeé ta lórí ẹ̀.

Kí ló dé tí géèmù ń já nígbà tí ẹlòmíì bá ń lo Wi-Fi?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ ká pẹ́ lórí ẹ̀ jù, torí òun ló ń ba géèmù ọ̀pọ̀ ilé jẹ́, ó sì wà lára ìwọ̀nba nǹkan tí ráútà tó dáa lè tún ṣe.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìdí ẹ̀rọ ata. Ẹ gbé ata àti tòmátò díẹ̀ lọ, abọ́ kékeré, nǹkan tí ò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ bá ìyá kan níwájú tó kó ẹ̀wà báàfù mẹ́ta wá, àkàrà ló fẹ́ dín tà. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́, iná wà, ẹni tó ń lọ ata ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan. Síbẹ̀ ẹ máa dúró títí tí báàfù mẹ́ta á fi tán, torí pé orí ìlà lẹ wà, ẹni tó ṣáájú ni wọ́n ń lọ tiẹ̀ ṣáájú.

Ráútà tí ò gbọ́n, báyẹn gan-an ló ń ṣe. Abọ́ ata ni géèmù yín. Ẹ̀wà báàfù mẹ́ta ni fóònù àǹtí yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òde ìgbéyàwó dé, tó ń fi fọ́tò 400 ránṣẹ́ sórí Google Photos láìsọ fún ẹnikẹ́ni, òun pàápàá ò mọ̀ pé fóònù ń ṣe é. Fífi nǹkan ránṣẹ́ síta ló sì burú jù, torí ọ̀nà àbájáde máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ ju ọ̀nà àbáwọlé lọ, síìmù tó ń fún yín ní 30 Mbps wọlé lè má fún yín ju 5 lọ síta. Bufferbloat ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Ẹ máa pè é ní ìlà tó gùn nínú ráútà.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí. Ẹ ṣí fast.com lórí fóònù, ẹ jẹ́ kó ka iye Mbps tán, ẹ wá tẹ ibi tó ní kẹ́ ẹ rí àlàyé sí i. Ó máa fi ping méjì hàn yín, ọ̀kan nígbà tí ọ̀nà ṣófo, ìkejì nígbà tí ẹrù kún un. Ní Ìjọkà lọ́jọ́ yẹn, ti àbúrò mi jẹ́ 58 nígbà tí ọ̀nà ṣófo, ó wá fò lọ sí 410 nígbà tó kún. Mo fi hàn án. Ó wo fóònù, ó wo ráútà ẹlẹ́ríálì mẹ́fà, kò sọ̀rọ̀. Èmi náà ò lè sọ̀rọ̀, torí mo mọ bó ṣe tọ́jú owó yẹn.

Nǹkan tó ń wo àrùn yìí sàn ni wọ́n ń pè ní SQM. Ráútà tó ní in dà bí ẹni tó dúró nídìí ẹ̀rọ ata, tó ń sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá ọmọ yìí lọ abọ́ kan yìí kí n tó fi báàfù kejì sí i." Ìyá alákàrà ò ní mọ̀ pé wọ́n dá òun dúró, ọmọ ti gba ata ẹ̀ lọ. QoS jọ ọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ fún un pé PlayStation ló ṣáájú, lẹ́yìn náà TV, lẹ́yìn náà fóònù. Tí ráútà yín bá ti ní ọ̀kankan nínú ẹ̀, ẹ tàn án, ẹ wá sọ iye Mbps tí ọ̀nà yín ń gbé fún un, kẹ́ ẹ dín in kù díẹ̀: tí ọ̀nà bá ń gbé 20, ẹ kọ 17. Ẹ ò ṣòfò. Tí ẹ ò bá dín in kù, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ìlà á ti gùn, níbi tí ọwọ́ yín ò dé, àgbàlá tiyín la fẹ́ kí ìlà wà kí ẹ lè tò ó bó ṣe wù yín. Lórí síìmù ó ṣòro díẹ̀, torí iye tí máàsì ń fúnni ní àárọ̀ kọ́ ló ń fúnni lálẹ́, iye ti alẹ́ ni kẹ́ ẹ fi ṣe é.

Nítorí náà, tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ má béèrè "ráútà géèmù". Ẹ béèrè pé ṣé ó ní SQM, tàbí ṣé ó lè gba OpenWrt, ìyẹn sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ń fi SQM sínú ọ̀pọ̀ ráútà. Mo ti rí ráútà kékeré tí ò lẹ́wà tí géèmù ń yá lórí ẹ̀ ju ti ẹlẹ́ríálì mẹ́fà lọ, torí SQM yìí nìkan.

Kí ẹ tó náwó rárá, ẹ lọ sínú fóònù gbogbo ará ilé, ẹ pa fífi fọ́tò ránṣẹ́ ti Google Photos àti iCloud nígbà tí ẹ bá fẹ́ ta géèmù, kẹ́ ẹ tún tàn án lóru, ẹ sọ fún PlayStation náà pé kó máa gba àtúnṣe géèmù nígbà tí ẹ ti sùn.

5GHz, 5G, AC1200, Wi-Fi 6: kí ni gbogbo ẹ̀?

5GHz tó wà lára ráútà kì í ṣe 5G tí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń polówó. Orúkọ ló jọra. 5G ni ìran karùn-ún nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, láti máàsì. 5GHz jẹ́ ọ̀kan nínú ohùn tí ráútà fi ń bá fóònù yín sọ̀rọ̀ nínú ilé, èkejì ni 2.4GHz.

Tí wọ́n bá ń ṣe ìnáwó ní ojúlé kẹta, nǹkan tó ń bá yín lórí ibùsùn ni ìlù ńlá, gbìm, gbìm, gbìm. Ẹ ò ní gbọ́ nǹkan tí olórin ń wí. Ohùn ìsàlẹ̀ ń la ògiri kọjá, ohùn òkè ò lè là á. 2.4GHz ni gbìm gbìm yẹn, ó ń lọ jìnnà, ó ń la búlọ́ọ̀kù kọjá, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó lè kó ò pọ̀, gbogbo ráútà àdúgbò ló sì ń lo òun náà, Bluetooth ń lò ó, àdògán maikirowéfù ń dà á láàmú. 5GHz ni ohùn olórin: ó mọ́, ó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ ògiri méjì ti tó láti gbé e mì. Géèmù àti TV tó wà ní pálọ̀ kan náà pẹ̀lú ráútà, ẹ fi wọ́n sórí 5GHz. Fóònù yàrá ẹ̀yìn, ẹ fi í sílẹ̀ lórí 2.4. Lórí 2.4 yẹn, wọ́n pín in sí ọ̀nà kéékèèké tí wọ́n ń pè ní ṣánẹ́ẹ̀lì, 1, 6 tàbí 11 ni kẹ́ ẹ lò, àwọn mẹ́ta yẹn ni kì í gun ara wọn.

Ẹni tó ra PlayStation 4 àkọ́kọ́, èyí tó sanra, ẹ má wulẹ̀ wá 5GHz lórí ẹ̀, kò ní in, 2.4 nìkan ló gbọ́. PS4 Slim àti Pro gbọ́ méjèèjì. PS5 gbọ́ Wi-Fi 6.

Ní ti nọ́ńbà: 2018 ni ẹgbẹ́ Wi-Fi Alliance bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà pe àwọn ìran Wi-Fi kó lè rọrùn fún wa. Tí ẹ bá rí N lára páálí, Wi-Fi 4 ni, AC ni Wi-Fi 5, AX ni Wi-Fi 6, BE ni Wi-Fi 7. Nọ́ńbà ńlá tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba èèyàn. AC1200 ò túmọ̀ sí pé fóònù yín á rí 1,200 Mbps. Wọ́n mú 300 ti 2.4GHz, wọ́n mú 867 ti 5GHz, wọ́n ro wọ́n pọ̀, wọ́n sún un sókè. Ẹ̀rọ kan ò lè lo méjèèjì pọ̀ báyẹn, iye inú ìdánwò sì ni, ògiri yín ò sí níbẹ̀.

Tí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń wọ ilé yín bá jẹ́ 30 Mbps, AC1200 tó dáa ti ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi á ní kẹ́ ẹ ra Wi-Fi 6 tówó bá gbé e, torí ó mọ bí a ṣe ń dá ọ̀pọ̀ fóònù lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ilé wa sì máa ń kún. Wi-Fi 7 ṣì lè dúró ná, ẹ̀rọ tó gbọ́ ọ ò tíì pọ̀ nínú ilé wa. Wi-Fi 4 tó ní 2.4GHz nìkan, ẹ má rà á mọ́, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ibo la máa gbé e sí?

Àárín ilé, lókè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i. Kó má wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kó má wà lẹ́yìn TV, kó má wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì tàbí dígí ńlá, torí irin àti dígí ń ta ìgbì ẹ̀ padà, omi sì ń mu ún. Ti àbúrò mi, a gbé e kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù, a kan pákó kékeré kan mọ́ ògiri kọ́rídọ̀ lókè orí, yàrá méjì ẹ̀yìn tó ti ń ráhùn látọjọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í rí 5GHz.

Fún géèmù, ẹ fi wáyà sí i. Wáyà LAN, èyí tí wọ́n kọ Cat 5e tàbí Cat 6 sí lára, ó lè gùn dé 100 mítà láìrẹ̀ ẹ́. A ra mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí síìlì láti kọ́rídọ̀ dé pálọ̀, a ki í sẹ́yìn PlayStation. Owó wáyà yẹn ò tó nǹkan kan lára owó ráútà, òun ló sì pa ping tó ń fò sókè fò sílẹ̀ run. Ẹ wo ẹ̀yìn ráútà kẹ́ ẹ tó rà á, pọ́ọ̀tì LAN ẹ̀ lè jẹ́ 100 Mbps tàbí 1 Gbps. Ẹni tó ń lo síìmù, 100 ò ní pa á lára. Ẹni tó fẹ́ fa fáíbà lọ́jọ́ iwájú, kó ra ti 1 Gbps.

Ráútà onísíìmù ńkọ́?

Òun ni ọ̀pọ̀ wa ń lò. Ẹ béèrè pé ṣé síìmù gbogbo ló gbà, torí èyí tí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń tà lè ti mọ́ síìmù tiwọn. Cat tí wọ́n kọ sára ráútà onísíìmù kì í ṣe Cat ti wáyà LAN, orúkọ ló jọra: Cat 4 lè gba dé 150 Mbps, Cat 6 lè gba dé 300, lórí ìwé nìyẹn. Tó bá ní ihò tí ẹ lè ki ẹ́ríálì ìta sí, ó dáa púpọ̀ fún àwọn tó ń gbé lẹ́yìn òkúta, ẹ sì mọ̀ pé òkúta ò wọ́n wa lágbègbè yìí, láti Àkúrẹ́ títí dé Ìdànrè.

Ẹ ṣọ́ra fún tòkunbọ̀. Ráútà onísíìmù láti Amẹ́ríkà lè má gbọ́ ìgbì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ń lò, ẹ̀rọ á dáa, síìmù á dáa, wọn ò ní gbọ́ ara wọn. Ẹ ka ara ṣájà ẹ̀ náà, kó kọ 100-240V. Tó bá jẹ́ 120V nìkan, iná wa á jó o.

Ráútà yìí, ojú fèrèsé tó kọjú sí máàsì ló ti ń gbọ́ dáadáa jù, àárín ilé sì ni Wi-Fi ń fẹ́. Tí méjèèjì bá ń ta kora, ẹ fi sójú fèrèsé, kẹ́ ẹ fi wáyà fa íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú.

Géèmù ní "NAT Strict", kí nìyẹn?

Ẹ wo ilé oníyàrá mẹ́wàá tó ní nọ́ńbà ilé kan ṣoṣo. Ẹni tó jáde lọ ra búrẹ́dì á padà wọlé láìsí wàhálà. Àmọ́ àlejò tó bá ti ìta dé, tó ní òun wá kí Ṣọlá, tí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ò mọ yàrá Ṣọlá, wọ́n á dá a padà. NAT ni ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Tí ẹ bá tan UPnP nínú sẹ́tíǹsì ráútà, ẹ ti fún un ní ìwé tí yàrá kálukú wà.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé lórí síìmù, ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra wọn máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́sì kan, ẹnu ọ̀nà kejì wà níta níbi tí ẹ ò ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Ráútà mẹ́wàá ò lè ṣí i. Ẹ lè bi wọ́n bóyá wọ́n ń ta public IP, ìyẹn àdírẹ́sì tó jẹ́ tiyín nìkan. Tí PlayStation bá kọ NAT Type 2 sí yín, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti tó. Tí ẹ bá sì so ráútà tuntun mọ́ ẹ̀yìn ráútà ilé-iṣẹ́, ẹ fi ọ̀kan sí bridge tàbí access point, ìyẹn ipò tí kò ti ní ṣe iṣẹ́ ẹnu ọ̀nà mọ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin fúnra yín lẹ kan ilẹ̀kùn méjì sínú ilé yín.

Iná ńkọ́?

Tí iná bá lọ kí jẹnẹrétọ̀ tó dé, ráútà á kú, á sì tún gba ìṣẹ́jú kan sí méjì kó tó jí. Ẹni tó ń ta ìdíje ti pàdánù nìyẹn. Bátìrì kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní mini UPS, ó ń jókòó sáàárín ṣájà àti ráútà, ó lè gbé e fún wákàtí bíi mélòó kan. Ẹ ka ara ṣájà ráútà yín kẹ́ ẹ tó rà á: tó bá kọ 12V 1.5A, UPS gbọ́dọ̀ jẹ́ 12V gẹ́lẹ́, ampere ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 1.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ráútà kan wà tó jẹ́ 9V, tí ẹ bá ki 12V sí i, ẹ lè jó o níná.

Lẹ́nu kántà, kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ mú síìmù yín dání. Ẹ ní kí wọ́n tú u nínú páálí, kí wọ́n tàn án níwájú yín, kẹ́ ẹ ki síìmù sí i, kẹ́ ẹ rí i pé ó gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kẹ́ ẹ rí orúkọ Wi-Fi 5GHz lórí fóònù yín. Ẹ bá wọn wọ sẹ́tíǹsì ẹ̀, ẹ wá QoS tàbí SQM níbẹ̀ pẹ̀lú ojú ara yín, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ gba rìsíìtì, kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà sí i. Tí ẹ bá délé, ẹ pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù tó bá a wá lọ́jọ́ náà, ti Wi-Fi àti ti sẹ́tíǹsì, ẹ sì yan WPA2 tàbí WPA3 fún ààbò Wi-Fi náà. Lálẹ́, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá tí gbogbo àdúgbò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tún ṣí fast.com, ẹ kọ ping méjèèjì sílẹ̀. Ti àbúrò mi, lẹ́yìn wáyà àti lẹ́yìn tá a tan QoS tó ti wà nínú ráútà ẹ̀ látọjọ́ tó rà á, jẹ́ 56 nígbà tí ọ̀nà ṣófo, 83 nígbà tó kún.